Ẹ Má Yáwó Èlé Kọ́ Iṣẹ́ Ilé Ìtura

Ọmọ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ilé ìtura ní Amẹ́ríkà kò jẹ̀bi ohunkóhun. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń bọ́ ìdílé. Ẹni tó jẹ̀bi ni ẹni tó sọ fún un pé àfi kó kọ́kọ́ tọrùn bọ gbèsè ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó lè gbà á síṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wí: dìgírì ìṣàkóso ilé ìtura kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi owó èlé kà. Ẹni tó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kó lọ. Ẹni tí òbí rẹ̀ ní owó nílẹ̀, kó lọ bó bá wù ú. Ẹni tó máa yáwó ni mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì wà lábẹ́ òbí lè yá $5,500 lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní ọdún kìíní, $6,500 ní ọdún kejì, $7,500 ní ọdún kẹta, àti $7,500 mìíràn ní ọdún kẹrin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ $27,000. Bí a bá gbé e lé èlé 6.53 nínú ọgọ́rùn-ún, bó ṣe wà lọ́dún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, tí a sì pín in sí ọdún mẹ́wàá, nǹkan bíi $307 ni yóò máa san lóṣooṣù. Kó tó bọ́ nínú rẹ̀, yóò ti san nǹkan bíi $36,800. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, $27,000 kò sì lè gbé èèyàn dé ìparí ọdún kẹrin, nítorí náà òbí á tún yá tirẹ̀ kún un, èlé tirẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà sì jẹ́ 9.08 nínú ọgọ́rùn-ún. Láyé àtijọ́, òbí ló ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Lóde òní, òbí ló ń fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà nítorí ìwé ọmọ.

Kí ni wọ́n máa fi san án? Àwọn tó ń polówó ẹ̀kọ́ yìí a máa tọ́ka sí owó máníjà. Òótọ́ ni: àjọ ìjọba tó ń ṣírò iṣẹ́ àti owó oṣù ní Amẹ́ríkà sọ pé bí a bá to àwọn máníjà ilé ìtura láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, ẹni tó bọ́ sí àárín ń gba ohun tó lé ní $65,000 lọ́dún. Ṣùgbọ́n níbi tí àjọ yìí kan náà ti kọ ìwé tí èèyàn sábà ń mú wọ iṣẹ́ ọ̀hún, ìwé ẹ̀rí girama ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n kọ fún máníjà ilé oúnjẹ. Fún nọ́ọ̀sì àti oníṣirò owó, dìgírì ni wọ́n kọ. A jẹ́ pé $65,000 yẹn kì í ṣe èrè dìgírì. Èrè ọdún tí èèyàn lò nídìí iṣẹ́ ni. Ìdí káńtà tí wọ́n ti ń gbàlejò tàbí ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú òwò tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti gbà láti 1991 pé kí ọ̀gá san $2.13 péré ní wákàtí fún ẹni tí owó típù bá gbé dé owó iṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin, èyí tó jẹ́ $7.25 báyìí. Ẹgbẹ́ ọmọ dìgírì tó wọ iṣẹ́ náà láti girama ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀ láìjẹ gbèsè, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni yóò máa pàṣẹ fún ọmọ dìgírì náà.

Wọ́n á ní, Yunifásítì Cornell ńkọ́, tó ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí láti 1922? Mo gbà pé ó ti sọ ọ̀pọ̀ di ọ̀gá. Àmọ́ orúkọ àti ojúlùmọ̀ ni wọ́n ń rà níbẹ̀, méjèèjì kò sì bá dìgírì náà lọ sí yunifásítì mìíràn. Wọ́n á tún pòwe pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ àáké ara rẹ̀ ló gbé. Àáké tí a yá, tí èlé ń gorí èlé lé lórí, ó yẹ ká wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, ká sì kọ́kọ́ mọ̀ bóyá oyin wà nínú àpáta náà rárá.

Àwọn mìíràn á ní ìjọba ti ń ṣọ́ wa: òfin July 2025 sọ pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí owó àwọn tó jáde níbẹ̀ kò bá tó ti ẹni tó ní ìwé girama nìkan, fún ọdún méjì nínú mẹ́ta, yóò pàdánù ẹ̀yáwó ìjọba. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà kò ka gbèsè rárá. Ẹ̀ka tí owó àwọn tó jáde níbẹ̀ bá fi $1,000 lọ́dún ju ti ọmọ girama lọ ti yege lójú òfin, bẹ́ẹ̀ $307 lè máa jáde lápò ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lóṣooṣù, èyí tó lé ní $3,600 lọ́dún. Ní ti àwọn tó ní ẹ̀kọ́ náà wúlò níbi gbogbo, ìṣirò owó ló wúlò níbi gbogbo: ilé ìtura ń wá a, ilé ìwòsàn náà ń wá a. Ní April 2020 nìkan, iṣẹ́ bíi mílíọ̀nù 7.7 ló pòórá nínú òwò ìgbafẹ́ àti àlejò ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó so gbogbo ìwé rẹ̀ mọ́ igi kan yẹ kó rántí ọjọ́ tí ìjì jà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ọmọ wọ iṣẹ́ náà láti girama, kó fi ọdún méjì ka kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò bó ṣe ń gbowó, tàbí kó wá ọ̀gá tí yóò sanwó ìwé fún un, bí Starbucks ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Arizona State University ní 2014. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó, ẹ wọ College Scorecard tí ìjọba ṣí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá yunifásítì náà, ẹ wá ẹ̀ka náà gan-an, kí ẹ gbé gbèsè àwọn tó jáde níbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó ń wọlé fún wọn. Bí yunifásítì bá ní kí ẹ má wo ìyẹn, ẹ mú bírò yín, kí ẹ dìde.