Igi Ọdán Òjòkú àti Fọ́tò Rẹ̀

Bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, fọ́tò kan wà lórí tábìlì wa tí a mú wá láti Òjòkú, lẹ́bàá Ọ̀fà. Igi ọdán ni ó dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tí ó ti ń ṣíji bo ìta ojúlé kan láti ayé bàbá àgbà àwọn tí ń gbé ibẹ̀ nísinsìnyí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta gorí ìtì rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn dúró bí ọdẹ tí ó pa erin. A kò bá wọn wí. Ẹni tí ó ya fọ́tò náà ni ó ní kí wọ́n gùn ún, kí ènìyàn lè mọ bí igi náà ti tóbi tó.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọnù gan-an kò sí nínú fọ́tò náà. A kò rí ibòji níbẹ̀, a kò gbọ́ ariwo ẹyẹ ẹ̀ga, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí àwọn àgbà tí ń ta ayò lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ ìyá parí ìjà ilẹ̀ kí ó tó di ti kóòtù. A wá bèèrè fọ́tò igi náà nígbà tí ó wà lóòró. Gbogbo ilé tú àpótí, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Fọ́tò ìgbéyàwó ni. Ọkọ àti ìyàwó wà níwájú, ìdajì igi wà lẹ́yìn wọn, fìlà ọkọ ìyàwó sì bo ìyókù.

Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ fọ́tò, síbẹ̀ wọ́n mọ bí a ti ń pa igi mọ́: orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ilẹ̀. Ìdí-Ìrókò wà ní ẹnu ibodè, Ìdí-Àràbà wà ní Èkó, Ìdí-Ayùnrẹ́ àti Ìdí-Iṣin wà ní Ìbàdàn. Ẹ bi àwọn tí ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ níbẹ̀ pé igi náà dà. Mélòó nínú wọn ni yóò lè nawọ́ sí i? Bí a bá sì ń bá a lọ báyìí, Ìdí-Òpó-Iná ni àwọn ọmọ wa yóò máa pe àdúgbò tiwọn.

Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí a mú Àjàyí Crowther dé ní 1822 lẹ́yìn tí a gbà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, igi àràbà ńlá kan wà láàárín ìlú. Òjò àti ìjì wó o ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ti yà á ní fọ́tò láìmọye ìgbà, wọ́n sì ti tẹ àwòrán rẹ̀ sára owó wọn, nítorí náà kò sí ẹni tí a ní láti ṣàlàyé àdánù náà fún. Ní ọdún kan náà, ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọkùnrin méjì gé igi kan tí ó lókìkí lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi Hadrian ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2025 ilé ẹjọ́ rán wọn ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta.

Àwa kò bèèrè ẹ̀wọ̀n fún ẹnikẹ́ni ní Òjòkú. Olójúlé náà ní ìdí tirẹ̀: gbòǹgbò ń la ògiri rẹ̀, ẹ̀ka sì ń kan wáyà iná. Ẹni tí ògiri tirẹ̀ kò là kò gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó dùn wá ni pé òwúrọ̀ kan péré ni ayùn fi parí iṣẹ́, láìsí àgbà kan tí a pè kí ó wò ó bóyá gígé ẹ̀ka nìkan ìbá tó.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀ ẹ̀yin Ọba àti ìjòyè wa, ní Òjòkú àti ní gbogbo ìlú tí ó yí Ọ̀fà ká, pé kí ẹ máṣe jẹ́ kí a gé igi ìta gbangba láìjẹ́ pé a ti sọ fún baálé àdúgbò ní ọjọ́ méje ṣáájú, tí a sì ti yà á ní fọ́tò nígbà tí ó ṣì dúró. Ọdán kò tilẹ̀ le gbìn. Ẹ̀ka tútù rẹ̀ tí a bá rì mọ́lẹ̀ a máa sọjí. Igi tí a fi èso rẹ̀ ṣe òrí ni ó le, tí ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so èso àkọ́kọ́, òun náà sì ni a ń sun ní èédú fún ààrò ìgboro.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fọ́tò àtijọ́ tí igi ìlú hàn lẹ́yìn àwọn ènìyàn inú rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó dá a padà. Ìyàwó inú fọ́tò Òjòkú, tí ó ti di ìyá àgbà nísinsìnyí, ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí a má ṣe pẹ́ jù lórí tirẹ̀.