Àpò Méjì, Ìrìn Kan
Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ nínú lẹ́tà yín: ṣé ẹni tó pín owó rẹ̀ sí àpò ìdókòòwò àjùmọ̀ní méjì ti bọ́ lọ́wọ́ ewu? Èsì mi ni pé, báwo ni àpò méjèèjì ṣe ń rìn? Àwọn onímọ̀ a máa fi nọ́ńbà wọn ìrìn náà, láti -1 dé 1. Bó bá ti sún mọ́ 1, wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ ni.

Ẹ rántí ọdún 2008. Ìdíwọ̀n ọjà ìpín ìdókòòwò Nàìjíríà kọjá 66,000 ní oṣù Kẹta. Nígbà tí ọdún yí po, ó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí 20,000. Ẹni tó ní àpò méjì tó kún fún ìpín báǹkì, ká má tanra wa, àpò kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó yá ìjọba ní ìdajì owó tirẹ̀ fún oṣù díẹ̀díẹ̀ ṣì rí nǹkan dì mú.

Nọ́ńbà náà kì í sì í dúró lójú kan. Ní Amẹ́ríkà, bọ́ǹdì ìjọba sábà máa ń dúró digbí bí ìpín bá ń ṣubú. Ní 2022 tí èlé ń fò sókè, àwọn méjèèjì jọ ṣubú ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ka ohun tí àpò kọ̀ọ̀kan rà lọ́dọọdún, kí n tó wo èrè rẹ̀.