Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà létíkun, ẹ tọ́jú oníbàárà yín, iyanrìn kì í ṣe tiyín

Tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ lóṣù keje, tí àwọn ọmọ wa tó wà nílùú òyìnbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá nítorí pé àsìkò ooru ti dé lọ́dọ̀ tiwọn, òpin ọ̀sẹ̀ nílùú Èkó máa ń yí padà. Àwọn tí wọ́n jọ ṣe yunifásítì, àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà, wọ́n á dá owó jọ, wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì, ó di Ẹlẹ́gùṣì, ó di Tarkwa Bay, ó di Àgbádárìgì. Àwọn àgbàlagbà kan máa ń pe èyí ní ìnákúnàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà kò gbọ́dọ̀ bá wọn pè é bẹ́ẹ̀, torí owó kì í fò lọ sọ́run, ọwọ́ ẹnì kan ló ń bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Ká ní èèyàn mẹ́wàá ló fẹ́ jáde, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú 15,000 náírà wá. 150,000 náírà nìyẹn, kí ilẹ̀ Sátidé kan tó ṣú. Nínú ẹ̀ ni wọn yóò ti sanwó bọ́ọ̀sì, owó ìwọlé, owó àga àti agbòòrùn, owó ẹja yíyan, súyà, omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló lè tà á. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí jálá kan fò láti iye tí kò tó 200 náírà dé nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni tó fẹ́ dá jáde ti rí i pé apá òun ò ká a. Àjọṣe ni wọ́n ń ṣe báyìí. Ìyẹn dáa fún yín, torí ẹni mẹ́wàá tó jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà sàn ju ẹni mẹ́wàá tó ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí: ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ nínú owó yìí, orí iyanrìn tí kì í ṣe tiyín lẹ gbé gbogbo okòwò yín kà. Oníbàárà yín ò mọ orúkọ yín, ẹ̀yin náà ò mọ tiẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí nìkan ló so yín pọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ibẹ̀, ó parí nìyẹn.

Wọ́n sì máa ń gbà á. Àwọn tó ti lé lógójì ọdún láàárín yín á rántí Bar Beach, pẹ̀lú àwọn tó ń gbé ọmọdé gun ẹṣin, àwọn tó ń ya fọ́tò àti àwọn ìyá oníbọ̀ọ̀lì. Òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ, wọ́n wá kó iyanrìn dí i, Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ lónìí, ilé olówó gọbọi ló sì ń hù níbẹ̀. Kò sí ìyá oníbọ̀ọ̀lì kankan tó máa gba ìsọ̀ níbẹ̀. Ní Kuramo tó wà nítòsí, òkun ya wọlé lóṣù kẹjọ ọdún 2012, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì wó àwọn àgọ́ tó ṣẹ́ kù. Ní Tarkwa Bay, lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi ló lé àwọn olùgbé ibẹ̀ jáde. Wọ́n ní torí àwọn tó ń bẹ́ páìpù epo ni. Àwọn tí kò bẹ́ páìpù kankan náà kẹ́rù.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Landmark ní Victoria Island, bóyá torí pé ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tèmi mọ̀. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ wó etíkun yẹn nítorí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ là láti Èkó dé Calabar, ọ̀nà tó tó 700 kìlómítà. Mínísítà iṣẹ́ òde, David Umahi, sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ tó wà láàárín 250 mítà sí etí òkun. Mi ò fẹ́ dá ẹjọ́ ẹni tó jàre. Ohun tó kan oníṣòwò kékeré ni pé ẹni tó gba ìsọ̀ níbẹ̀ kò bá ìjọba sọ̀rọ̀ rí, onílẹ̀ tó ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí onílẹ̀ tó lówó, tó ní lọ́yà, kò bá lè dá katakata dúró, kí ni ẹni tó ní agbòòrùn kan àti kúlà méjì fẹ́ ṣe?

Ọ̀rọ̀ ìwé kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá dé ibi owó gbà-máà-bínú, ìwé ni wọ́n máa ń béèrè. Ẹ fi orúkọ okòwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Ẹ gba báńkì san owó ìsọ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Owó tẹ́ ẹ ń kì bọ àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọ̀nyẹn lọ́wọ́, ẹ má ṣe tan ara yín pé ẹ rẹ́ǹtì nǹkan kan o, ẹ kàn sanwó kí wọ́n má baà yọ yín lẹ́nu títí di ọ̀la ni.

Èyí tó ju ìwé lọ ni oníbàárà fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ tó ń jáde, ẹnì kan wà tó ń gba owó jọ. Òun ni wọ́n ń bú tí bọ́ọ̀sì bá pẹ́, òun ni wọ́n ń bú tí ẹja kò bá jinná. Ẹni yẹn gan-an ni oníbàárà yín, àwọn mẹ́sàn-án yòókù kàn bá a wá jẹun ni. Ẹ̀rù tó ń bà á ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kó débẹ̀ kí iye tí wọ́n sọ fún un yí padà: wọ́n á ní owó àga yàtọ̀, owó agbòòrùn yàtọ̀, ata tó wà lórí ẹja pàápàá lówó tiẹ̀. Ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí iye kan fún èèyàn mẹ́wàá, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó lè fi han àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ẹ gba ìdajì sílẹ̀. Oṣù keje lójò wà, nítorí náà ẹ sọ tẹ́lẹ̀ pé tí òjò bá ba ọjọ́ náà jẹ́, ẹ máa sún un sí Sátidé mìíràn, owó ò ní sọnù. Ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, kì í ṣe sínú fóònù nìkan, torí wọ́n ń jí fóònù létíkun.

Àwọn kan á ní ẹni tó ń kọjá lọ ló ń ra ọjà àwọn, pé kí ni àwọn fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe. Òótọ́ ni, ẹni tó ń kọjá lọ ló ń rà á. Àmọ́ ẹni tó ra ẹja lọ́wọ́ yín lóṣù keje tún ń bọ̀ lóṣù kejìlá, tí kò bá sì rí yín níbi tẹ́ ẹ wà, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló máa yà sí. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó mọ ẹni tó máa pè.

Ẹ má sì gbàgbé omi fúnra rẹ̀. Ìgbì òkun máa ń le lóṣù keje àti ìkẹjọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn lọ sí Tarkwa Bay, ẹ̀wù amúniléfòó kì í ṣe fún ẹni tó bá béèrè nìkan, ìjókòó kan, ẹ̀wù kan ni. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá bómi lọ máa ba ọjà gbogbo yín jẹ́ ní odindi àsìkò kan.

Ẹni tó bá ti ní nọ́ńbà oníbàárà lọ́wọ́ kò nílò kí òkun wà lẹ́yìn rẹ̀ kó tó tajà. Àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí kì í lọ sétíkun nìkan. Wọ́n ń lọ sí Freedom Park tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀ ní Broad Street, wọ́n ń gun afárá orí igi tó gùn tó 401 mítà ní Lekki Conservation Centre, wọ́n ń lọ ra ẹja ní Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Látọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun sì ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, ẹgbẹ́ tó bá wọ̀ ọ́ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta lè sọ̀ ní Láderin, kí wọ́n lọ gun Òkè Olúmọ, kí wọ́n sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Láderin jìn díẹ̀ sí Olúmọ, ẹsẹ̀ ò ní gbé wọn débẹ̀. Ẹni tó ní bọ́ọ̀sì kékeré kan, ẹni tó ń se ìrẹsì ọ̀fadà àti ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú lè jókòó lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n fi iye kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí Èkó.