A Kì í Fi Àpèkọ Kọ́ni ní Ìwà Olórí

Ìgbàkígbà tí a bá gbọ́ pé aláṣẹ kan kó owó ìlú jẹ, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìwà rere kún iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Kí olùkọ́ dúró níwájú ọ̀ọ́dúnrún akẹ́kọ̀ọ́, kí ó pe àwọn àmì ọmọlúàbí fún wọn lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà fún un lọ́jọ́ ìdánwò: ọ̀ràn bùṣe. Ẹ̀tàn ni. Ìwà kì í ṣe ohun tí à ń há sórí. Ọmọ kan lè kọ àròkọ tí ó dán mọ́rán lórí ìwà ọmọlúàbí láti inú bébà tí ó fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Máàkì yóò wọlé fún un, ṣùgbọ́n ìwà yóò ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò gba ọ̀nà yìí kọ́ ọmọ ní ìṣàkóso. Nínú àáró ni ọ̀dọ́ ti ń mọ̀ pé bí àwọn ẹgbẹ́ òun bá bá òun ro oko lónìí, dandan ni kí òun náà gbé ọkọ́ lọ sí oko wọn nígbà tí ó bá kàn wọ́n. Ẹni tí ó gba àáró tí kò san án, òun nìkan ni yóò máa bá igbó tirẹ̀ jà. Nínú èsúsú ni olórí ti ń mọ̀ pé owó tí ó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe ti òun. Bí ó bá ná an ní ìnákúnàá, kò sí ẹni tí yóò tún fi kọ́bọ̀ lé e lọ́wọ́ mọ́. Kò sí ẹni tí ó pe èyí fún wọn kọ. Wọ́n ń ṣe é ni.

Ohun tí ó sún mọ́ èyí jù lọ ní yunifásítì ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti ń dìbò tí a sì ń dìbò fún un, tí ó ń ná owó ẹlòmíràn, tí ó sì ń dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yìí gan-an ni àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ máa ń fi òfin dè nígbà tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ní oníjàgídíjàgan ni wọ́n. Ó yẹ kí a bi ìtàn léèrè.

Ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń kọ́ nípa òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó kò fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé, ẹgbẹ́ yìí kò jókòó sunkún. Láti 1929 títí di 1932 ni Ṣólàńkẹ́ fi ń rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó ń kó owó jọ. Ní 1933 wọ́n ṣí ilé tiwọn. Ní 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn wọ́ lọ sí Èkó láti tako àdéhùn ààbò tí ìjọba Nàìjíríà bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe; ní oṣù kìíní 1962, wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Ní 1978, ìjọba ológun sọ owó oúnjẹ òòjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ di ₦1.50 láti 50 kọ́bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de, ìbọn dún, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì fi òfin de NUNS, ẹgbẹ́ gbogbogbòò wọn. Wọ́n lé Ṣẹ́gun Òkèowó, ààrẹ rẹ̀, kúrò ní Yunifásítì Èkó. Níbo ni jàgídíjàgan rẹ̀ parí sí? Ó kàwé parí ní Ifẹ̀, ó di olùkọ́, ó sì di alága ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Àwọn kan a tún máa pa ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ òkùnkùn pọ̀. Ọjọ́ 10 oṣù keje 1999 yẹ kí ó ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, George Iwilade, wà lára wọn. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣèpàdé ní gbangba ni ẹgbẹ́ òru ń bá jà. Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn ìpàdé gbangba, kí ó mọ ibi tí ó ń darí àwọn ọ̀dọ́ sí.

Kì í ṣe pé kò sí ìdọ̀tí lára ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olórí wà nínú wọn tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òṣèlú, tí wọ́n ń fi àmì-ẹ̀yẹ ta ẹni tí kò yẹ lọ́rẹ, tí wọn kì í sì í ka ìṣirò owó ẹgbẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n lẹ ìṣirò owó mọ́ ògiri ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tí ó dìbò yan olórí sì ní agbára láti yọ ọ́. Kí àwọn aláṣẹ yunifásítì náà ṣí ìwé owó tiwọn sílẹ̀, nítorí ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ àgbà ni ó ń ṣe.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Àwọn agùnbánirọ̀ wà lára àwọn tí àjọ elétò ìdìbò ń lò láti gba ìbò àti láti kà á. Ẹni tí wọn kò gbà láyè rí kí ó ṣètò ìdìbò òdodo láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wá ń gbé ìbò gbogbo ìlú lé lọ́wọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Ẹ̀bi náà kò mọ sí yunifásítì. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ ni ó ń yan olórí kíláàsì, iṣẹ́ tí ó sì ń fún un kò ju kí ó máa kọ orúkọ aláriwo sílẹ̀ lọ. Amí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ láti jẹ́, kì í ṣe olórí. Kí olùkọ́ Yorùbá tí ó ń kọ́ni ní àáró àti èsúsú láti inú ìwé jẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ dá èsúsú sílẹ̀, kí wọ́n dìbò yan akápò, kí akápò sì máa ka owó lójú gbogbo wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò náà bi ara rẹ̀ bóyá òun ni ẹni tí àròkọ òun ń ṣàpèjúwe. Ẹni tí kò jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ kan ọkọ́, kí ó má ṣe bèèrè iṣu lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìkórè.