Orin Àwọn Ìyá Wa ní Ìparí Ọdún

Ẹni tó bá gba Fìdítì àti Ìlọrà kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ lákòókò yìí yóò gbọ́ orin nílé, ní ṣọ́ọ̀bù àti nídìí ọsàn. Bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ohùn obìnrin pọ̀ gan-an nínú orin ẹ̀mí náà. Nítorí náà, mo fẹ́ dárúkọ àwo orin mẹ́rin tí obìnrin ṣáájú nínú wọn, tí mo fẹ́ kí ìdílé wa gbọ́ kí ọdún tó parí. Lẹ́yìn náà, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá wa sọ nípa owó.

Èkíní ni "Ọdún Ń Lọ Sópin", ti ẹgbẹ́ akọrin C.A.C. Good Women, Ìbàdàn. Màmá D. A. Fasoyin ló ṣáájú wọn. Àwọn ọdún 1970 ni àwo náà jáde, ṣùgbọ́n títí di òní, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé ni a tún ń gbọ́ ọ. Àwọn ìyá ìjọ ló kọ ọ́, àdúrà tí ìyá ń gbà fún ilé àti ọmọ rẹ̀ bí ọdún bá ń parí ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbó.

Èkejì ni "Baba Kú Iṣẹ́" ti Ajíhìnrere Bọ́lá Àrẹ, ọmọ Èrìò ní ilẹ̀ Èkìtì, tí a bí ní 1954. Ìyá yìí ti fi orin sọ̀rọ̀ Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí Ọlọ́run lò nínú ìsọjí Òkè-Oyè, Iléṣà, ní 1930. Ọmọ tí kò tíì ka ìtàn ìjọ lè ti ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta ni "Oore Tí Ò Common" ti Tọ́pẹ́ Àlàbí, tó jáde ní 2001. Eré orí ìtàgé ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn Jesters ní Ìbàdàn, ó sì ń kọrin sínú fíìmù kí orin ìyìn tó gbà á tán. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lójoojúmọ́ ló fi dúpẹ́, ìyá ọlọ́jà kò sì nílò ògbufọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni "Eji Òwúrọ̀" ti Ṣọlá Allyson, ní 2003. Inú fíìmù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló ti wá. Kì í ṣe orin orí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Orin Sólómọ́nì wà nínú Bíbélì wa. Kí tọkọtaya jọ gbọ́ ọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí obìnrin má ṣáájú nínú orin, ẹ jẹ́ kó ka Eksodu 15:20, 21. Míríámù ló mú ìlù, tí gbogbo àwọn obìnrin tẹ̀ lé e. Kó tún ka orin Dèbórà nínú Onídàájọ́ orí 5, ti Hánnà nínú 1 Sámúẹ́lì orí 2, àti ti Màríà nínú Lúùkù orí 1.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Arábìnrin tí kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn ni yóò fúnra rẹ̀ san owó situdíò, owó onílù àti ti onígìtá. Inú àjọ tàbí owó ọjà rẹ̀ ló ti ń yọ ọ́. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, a ń dà á kọ láti inú ọ̀kan sí òmíràn. Láyé CD, àwọn kan ń kó iṣẹ́ akọrin mẹ́wàá sínú àwo kan. Lónìí, a ń san owó kékeré fún ẹni tó ń fi orin kún fóònù lẹ́bàá títì. Nínú gbogbo rẹ̀, kọ́bọ̀ kan kì í dé ọwọ́ ẹni tó kọrin. Ará, olè jíjà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ orin Jésù la jí. Àwọn baba wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Àwa ìjọ pàápàá ń ṣe é. A ó pe arábìnrin wá sí ìsọjí, yóò kọrin dòru, a ó sì ní, "Ọlọ́run á san án fún ọ." Òótọ́ ni pé Ọlọ́run ń sanwó, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ló fẹ́ gbà san án. Ẹ ka 1 Tímótì 5:18.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ká ra orin lọ́wọ́ akọrin fúnra rẹ̀, tàbí ká gbọ́ ọ níbi tí òun fúnra rẹ̀ gbé e sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ohun tó bá wọlé lè jẹ́ tirẹ̀. Èkejì, kí ìjọ ṣètò owó ọkọ̀ àti ẹ̀bùn kó tó pè é. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin ọkọ má ṣe dí aya yín lọ́wọ́ nítorí àsọdùn ẹnu ayé.

Ẹ̀yin akọrin náà, ẹ jẹ́ kí ìgbé ayé yín bá orin yín mu.

Kí Olúwa fi orin tuntun sí ẹnu ìdílé wa lọ́dún tó ń bọ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.