Ọkọ̀ Tí A Sọ Di Ilé: Ṣé Kí Ó Ní Fèrèsé, Tàbí Kí Ó Má Ní?

Bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun rẹ̀ a tẹ̀ lé e. Òwe yìí kò ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan, ṣùgbọ́n ní ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà lóde òní, ó ti kúrò ní òwe, ó ti di ìgbé ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ni ó ti sọ ọkọ̀ akẹ́rù di ilé. Wọn a ra ọkọ̀ onírin gbọọrọ, irú èyí tí àwọn káfíńtà àti àwọn tí ń tún ẹ̀rọ omi ṣe fi ń kó irinṣẹ́ wọn. Wọn a tẹ́ pákó sí ilẹ̀ rẹ̀, wọn a gbé ibùsùn àti sítóòfù sí i, wọn a sì máa gbé inú rẹ̀. Ọ̀wọ́n owó ilé ni ó lé àwọn kan débẹ̀. Ìfẹ́ àtimáa rìn káàkiri ni ó gbé àwọn mìíràn lọ. Ìwé tí Jessica Bruder kọ ní ọdún 2017, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nomadland, àti sinimá tí a fi ṣe ní ọdún 2020, ti sọ fún gbogbo ayé nípa àwọn arúgbó Amẹ́ríkà tí ń gbé inú ọkọ̀, tí wọ́n sì ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò bá ìbéèrè kan pàdé kí ó tó kan ìṣó kan ṣoṣo. Ara ọkọ̀ náà, láti ẹ̀yìn àga awakọ̀ títí dé ìdí, irin gbalaja ni. Ṣé kí ó gé irin náà kí ó fi fèrèsé sí i, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wà? Lójú ẹni tí kò rò ó jinlẹ̀, ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ lásán ni èyí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá pè sílé pé òun fẹ́ kúrò nínú yàrá tí òun ń sanwó rẹ̀, pé inú ọkọ̀ ni òun yóò máa gbé, ìbéèrè tí ìyá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi í kò ní jìnnà sí èyí: 'Ṣé afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀?' Inú ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ṣé ilé ni ọmọ náà fẹ́ wọ̀, àbí àpótí?

Àwọn tí kò fẹ́ fèrèsé kì í ṣe òmùgọ̀. Òwe àgbà wà lẹ́yìn wọn: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Fèrèsé ni ẹnu tí a là fún ògiri. Ó rọrùn fún olè láti fọ́ dígí ju kí ó ya irin lọ. Nígbà òtútù, ara dígí ni òtútù ń gbà wọlé; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ náà ni oòrùn ń gbà sọ inú ọkọ̀ di ààrò. Irin tí a bá gé, tí a kò fi ọ̀dà kun etí rẹ̀ dáadáa, yóò dógùn-ún. Bí a kò bá sì lẹ fèrèsé náà mọ́ ọn dáadáa, òjò yóò máa jò wọlé.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wúwo jù nínú àwíjàre wọn ni ìfarapamọ́. Ọkọ̀ funfun tí kò ní fèrèsé kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ń kọjá lọ yóò rò pé òòlù àti ayùn ni ó wà níbẹ̀, kò ní mọ̀ pé ènìyàn ń sùn. Bí fèrèsé bá wà, tí iná sì ń tàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan lè wá kan ilẹ̀kùn lóru, ìbáà jẹ́ ọlọ́pàá, ìbáà jẹ́ ọ̀mùtí.

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ìbẹ̀rù òjìji. Ní ìlú Los Angeles, òfin kan wà láti ọdún 1983 tí ó ka fífi ọkọ̀ ṣe ibùgbé ní ojú títì léèwọ̀. Ọdún 2014 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wọ́gi lé e, nítorí pé òfin náà kò sọ ní pàtó ohun tí ènìyàn yóò ṣe tí yóò fi di arúfin. Ní ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, nínú ẹjọ́ ìlú Grants Pass ní ìpínlẹ̀ Oregon, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ìlú lè fìyà jẹ ẹni tí ó pàgọ́ sùn sórí ilẹ̀ ìjọba, àní bí kò tilẹ̀ ní ibòmíràn tí yóò forí lé. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó sì fi ògiri rẹ̀ sílẹ̀ ní dídì pa, kò ṣe é pè ní aṣiwèrè.

Ní ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ náà kọjú sí ibòmíràn. Níbẹ̀, ìjọba gan-an ni ó ń wá fèrèsé lára ọkọ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kí àjọ DVLA, tí ń kọ orúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, yí ọkọ̀ rẹ̀ padà nínú ìwé láti ọkọ̀ akẹ́rù sí ọkọ̀ ibùgbé, ibùsùn, tábìlì àti ibi ìdáná inú rẹ̀ nìkan kò tó. Àjọ náà yóò wo ìta pẹ̀lú. Lára àwọn àmì tí ó ń wò ni fèrèsé méjì, ó kéré tán, ní ẹ̀gbẹ́ kan, yàtọ̀ sí ti ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ ibi tí ènìyàn ń gbé. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: ibi tí ènìyàn ń gbé gbọ́dọ̀ fi ara jọ ibi tí ènìyàn ń gbé.

Àwọn àgbà kan lè gbọ́ èyí kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n lè ní: 'Ta ló ní fèrèsé nílé àwọn bàbá wa? Ṣebí wọ́n dàgbà, wọ́n sì bímọ.' Òótọ́ ni. Yàrá inú agboolé àtijọ́ a máa ṣókùnkùn. Bí ó bá tilẹ̀ ní fèrèsé, kì í ju ihò kékeré lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀ ti gbàgbé ìdajì ilé. Láyé ìgbà náà, ènìyàn kì í gbé inú yàrá. Oorun ni a ń sùn níbẹ̀, ẹrù ni a ń kó pamọ́ síbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ń gbé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń gbọ́ àlọ́, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ń parí ìjà. Láàárín agboolé ni àgbàlá wà, tí òrùlé kò bò. Oòrùn ń ràn sí i, òjò ń rọ̀ sí i, àwọn obìnrin a sì gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ láti gbe omi. Àgbàlá yẹn gan-an ni fèrèsé agboolé, fèrèsé ńlá kan ṣoṣo tí ó kọjú sí ojú ọ̀run. Ògiri yàrá lè dì, nítorí pé bí ènìyàn bá ti ṣí ilẹ̀kùn, yóò rí ọ̀run, yóò sì rí ará ilé rẹ̀.

Ìtàn ilé kíkọ́ jẹ́rìí sí i. Nígbà tí àwọn Àgùdà ń ti Brazil padà bọ̀ sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mú irú ilé mìíràn dání. Ọ̀nà kan la àárín rẹ̀ já, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì, òrùlé kan ṣoṣo sì bo gbogbo rẹ̀. Irú ilé yìí kò ní àgbàlá láàárín, ṣùgbọ́n ó ní fèrèsé ńlá tí ó kọjú síta. Bí àgbàlá ti ń lọ ni fèrèsé ń bọ̀. Àwọn bàbá kò fi ìgbà kan gbé láìsí ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ni ó yí padà. Ọkọ̀ kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì ní àgbàlá. Bí ẹni inú rẹ̀ bá ṣí ilẹ̀kùn, ojú títì ni yóò bọ́ sí. Bí ó bá tún wá di ògiri rẹ̀ pa, kí ni ó kù fún un?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti jìyà kí wọ́n tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1696, nígbà ayé Ọba William Kẹta, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí lórí fèrèsé: bí fèrèsé ilé bá ti pọ̀ tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Kí ni àwọn ènìyàn ṣe? Wọ́n fi bíríkì dí fèrèsé wọn. Àwọn onílé tí ń gba owó lọ́wọ́ tálákà náà dí tiwọn, wọ́n sì fi àwọn ayálégbé sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn oníṣègùn pariwo pé afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ni ìjọba ń gba owó lé lórí. Ọdún 1851 ni a tó fagi lé òfin náà. Títí di òní, àwọn ilé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí bíríkì ṣì dí ojú fèrèsé wọn. Nígbàkígbà tí àwọn aláṣẹ bá sọ fèrèsé di ẹ̀bi, ara tálákà ni ó ń san gbèsè náà.

Ara ń san án nínú ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá sùn mọ́jú nínú yàrá kékeré a máa mí omi jáde bí ife kan. Bí irin ọkọ̀ bá tutù, omi yìí yóò sẹ̀ sí i lára bí ìrì, yóò ṣàn lọ sẹ́yìn pákó, irin yóò dógùn-ún, tìmùtìmù yóò sì hu ebu. Bí a bá tún ń fi gáàsì dáná níbẹ̀, omi náà yóò pọ̀ sí i. Bí iná náà kò bá sì jó dáadáa, yóò tú èéfín olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó lè pa ènìyàn lójú oorun. Nítorí náà, dígí tí kò ṣe é ṣí kò tó. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń mú wá, kì í mú afẹ́fẹ́ wá. Ọkọ̀ ibùgbé gbọ́dọ̀ ní ihò afẹ́fẹ́ tí a kì í dí, àti ẹ̀rọ tí yóò ké bí èéfín olóró bá wà.

Ṣé kí fèrèsé wá pọ̀ bí ojú ajere nígbà náà? Rárá o. Ní ọdún 1951, iléeṣẹ́ Volkswagen gbé bọ́ọ̀sì kan jáde tí ó ní fèrèsé 23, tí mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ kékeré ní òkè. Ó dára fún ìgbafẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó sùn sínú dáńfó ní ibùdókọ̀ l'Ékòó mọ bí oorun inú ọkọ̀ tí ó fi gbogbo ara ṣí sílẹ̀ ti rí: ẹni tí ó bá kọjá ni ó ń wo ojú rẹ̀. Àṣírí jẹ́ apá kan nínú iyì ènìyàn. Ilé tí kò lè bo àṣírí kò tíì di ilé.

Àwọn kan ti rí ọ̀nà àárín kí ẹnikẹ́ni tó ra ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ẹ̀yà Romani ní ìlú Ọba gbé inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí, a gbé àárín òrùlé sókè, a sì to dígí wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a gbé sókè náà. Ìmọ́lẹ̀ ń ti òkè wọlé, ojú ẹni tí ń kọjá lọ kò sì lè tẹ̀ lé e. Ohun tí àgbàlá ń ṣe nínú agboolé ni òrùlé yìí ń ṣe lórí kẹ̀kẹ́.

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà gúnlẹ̀ sí. Kí ọkọ̀ tí ènìyàn yóò gbé ní fèrèsé. Kí èkínní wà lórí òrùlé, kí ó sì ṣe é ṣí. Ẹni tí ń sá fún ojú aráyé pàápàá lè ní in, nítorí pé a kì í tètè rí i láti ilẹ̀. Kí èkejì wà ní ẹ̀gbẹ́ tí kò kọjú sí títì, kí ó jẹ́ onípele méjì nítorí òtútù, kí ó ga ju ojú ẹni tí ó dúró níta lọ, kí ó sì ní aṣọ tí ó nípọn. Ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí títì lè wà ní dídì, kò burú.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí ti òrùlé nìkan kò fi tó, ìdáhùn kò jìnnà. Ojú ọ̀run dára láti wò, ṣùgbọ́n kì í kí ènìyàn káàárọ̀. Nínú agboolé, bí ẹnìkan kò bá jáde ní òwúrọ̀, kò ní pẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fi lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti béèrè bí ó ti sùn. Ẹni tí ó fi ara pamọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, bí àìsàn bá dá a wólẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ni yóò béèrè rẹ̀? Fèrèsé kékeré tí a ṣí aṣọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ń sọ fún àdúgbò pé ẹni kan ń gbé ibí.

Àwọn ìlú ní tiwọn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń dí fèrèsé tálákà nígbà tí wọn kò bá fún un ní ibi tí yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí láìfòyà. Ìlú tí ó bá ya ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀, tí omi àti ibi ìdalẹ̀nù wà níbẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣeré bojúbojú lóru mọ́.

Òótọ́ ni òwe aláǹgbá. Ṣùgbọ́n òwe kejì wà tí kò gbọdọ̀ sọnù: ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn lóru, ẹni tí ó ní fèrèsé yóò wo ẹni náà kí ó tó dáhùn. Ẹni tí kò ní, nínú òkùnkùn ni yóò ti máa béèrè pé, 'Ta nìyẹn?'