Ilé Ta Ni A Kó Ọ̀rọ̀ Wa Sí?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò fún yín. Kì í ṣe ẹjọ́ owó, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹjọ́ àmì ìbéèrè ni.

Ní ọdún kejì tí mo wọ yunifásítì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oríkì ilé wa sórí búlọ́ọ̀gì kan. Ìyá tí ó bí bàbá mi ni wọ́n ń kì í, èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Mọ́lété ni à ń gbé, ní ẹ̀yìn afárá, ṣùgbọ́n Bẹyẹrúnkà ni agbo ilé tí wọ́n fẹ́ Ìyá Àgbà sí. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé bí a bá ń wá ẹni tí ó mọ oríkì ilé kan dé gbòǹgbò, ìyàwó ilé ni à á kọ́kọ́ lọ bá. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, wọn á fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọn á ní, "Àkànní, mú ẹ̀rọ rẹ wá." Wọn kò gbà kí n gba ohùn wọn sílẹ̀ rárá. Wọ́n ní ohùn ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń tì mọ́ inú àpò. Nítorí náà, tààrà ni mo ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn sí ojú ewé búlọ́ọ̀gì náà, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé Yorùbá tí kò ní àmì, àlọ́ ni.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi í hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Àkànní, ilé ta ni o kó o sí yìí?"

Mo ní, "Ilé àwọn òyìnbó kan ni, Ìyá."

"Ṣé ò ń san owó ilé?"

"Rárá o, ọ̀fẹ́ ni."

Wọ́n mi orí, wọn kò sọ ohun mìíràn. Èmi rò pé ayé òde òní ni kò yé wọn.

Ìyá Àgbà wọ káà ilẹ̀ lọ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ni búlọ́ọ̀gì náà, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n pè é. Wọ́n ní àwọn ti ṣe àtúnṣe ńlá: ojú ewé yóò máa yára ṣí, a ó lè fi àwòrán púpọ̀ sí i, a ó lè dá ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yóò jáde, a ó sì máa rí iye ènìyàn tí ó kà á. Ẹnikẹ́ni kò bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ. Ìkéde ni, kì í ṣe ìbéèrè. Inú mi tilẹ̀ dùn, n kò ní purọ́.

Nígbà tí mo ṣí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí "M??lété". Mo rí "B?y?rúnkà". Bẹẹrẹ ti di "B??r?". Ìbàdàn nìkan ni ó dúró ṣinṣin, kò fi ibì kankan fara pa. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí ó wà lábẹ́ afárá, nítorí mo rò pé fóònù mi ni ó ń ṣàìsàn. Bọ̀ọ̀dá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ṣí i lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, bákan náà ni. Ó ní, "Àbúrò, kì í ṣe fóònù rẹ. Wọ́n ti tún ilé kọ́ mọ́ yín lórí ni."

Òun ni ó là mí lóye. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé orúkọ kan. Ọ̀kan lára àwọn ìwé orúkọ àtijọ́, èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ní 1987, kò ní ju àyè 256 lọ, àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù ni wọ́n sì ṣe é fún. Nítorí pé àmì wà lórí lẹ́tà àwọn Faransé, àwọn Ítálì àti àwọn Sípéènì, à, é, ì àti ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí Ìbàdàn fi yè. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀ rárá. Ìwé orúkọ tuntun tí wọ́n ń pè ní Unicode, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó wá gba èdè gbogbo mọ́ra. Nínú rẹ̀, ẹ àti ọ ní àyè tiwọn, àwọn ará Vietnam náà sì ń lò wọ́n. Ẹ̀wẹ̀, títí di òní, ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti fi àmì orí lé lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a fi ìkòkò lé orí adógán. Ìdí nìyí tí ọ́ inú Mọ́lété fi di àmì ìbéèrè méjì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ń kó ẹrù wa láti inú àká àtijọ́ lọ sí tuntun, ibì kan wà lójú ọ̀nà tí ó ṣì ń lo ìwé orúkọ àtijọ́. Gbogbo ohun tí kò mọ̀, àmì ìbéèrè ni ó fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ó sì ti di àmì ìbéèrè kò rántí ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí èyí jẹ́ fún èdè wa. "Ẹ̀kọ́" àti "ọ̀kọ̀" di ọ̀kan náà: ??k??. Ohun tí à ń kọ́ ọmọ àti ohun tí à ń sọ lójú ogun, kò sí ìyàtọ̀ mọ́.

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé mo kórìíra ohun tuntun. Rárá o. Inú àtúnṣe ni àkọtọ́ wa ti dàgbà. Ní 1875 àwọn CMS pe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí. Ní 1966 ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ní 1974 a fi ọwọ́ sí èyí tí à ń lò ní ilé-ìwé. Láti inú irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni "nwọn" ti di "wọ́n", tí "enia" di "ènìyàn", tí "yio" sì di "yóò". Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ṣì ń kọ "enia" títí di òní, kò sì sí ẹni tí ó lè yí i lọ́kàn padà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn àtúnṣe yẹn kò ṣe. Wọn kò wọ inú àpótí ìwé ẹnikẹ́ni lọ ní òru. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1938, ẹ̀dà àtijọ́ tí ó wà lórí pẹpẹ kò yí padà nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ẹni tí ó bá rí ẹ̀dà rẹ̀ lónìí yóò ka ohun tí àwọn ará Abẹ́òkúta kà nígbà náà gan-an, àtàṣìṣe àtẹ̀tọ́. Òfin tuntun, ìwé tuntun ni ó wà fún. Àtúnṣe ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń padà sẹ́yìn lọ fi ọwọ́ kan ohun tí a ti kọ, tí a ti kà, tí ẹni tí ó sọ ọ́ pàápàá ti kú. Ohun tí ó ń dùn mí nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n yí ọ̀dà ilé padà.

Nígbà mìíràn, onílé a tilẹ̀ wó ilé náà. GeoCities, tí Yahoo rà ní 1999, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé kó ọ̀rọ̀ wọn sí, ni wọ́n tì ní October 2009. Typepad tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 kógbá wọlé ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù September 2025. Ẹni tí ó bá sì rò pé mẹ̀kúnnù nìkan ni ó ń rí irú èyí, kí ó rántí October 2014, nígbà tí búlọ́ọ̀gì Linda Ikeji, tí ó ti ń kọ láti 2006, tí gbogbo Nàìjíríà sì mọ̀, ṣàdédé kúrò lórí Blogger tí ó jẹ́ ti Google, lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni iṣẹ́ tí ó ń lò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó padà dé. N kò dá ẹjọ́ náà o. Mo kàn ń sọ pé kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ ayálégbé.

Ǹjẹ́ kí ni kí á ṣe? Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, Blogger àti WordPress ń jẹ́ kí oníbúlọ́ọ̀gì kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó ti ṣe é rí? Kí àtúnṣe tó dé ni à á ṣe é, nítorí ẹ̀dà tí a bá kó lẹ́yìn ìbàjẹ́, ìbàjẹ́ náà ni a kó. Kí a sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Mo mọ̀ pé owó ìtẹ̀wé ti wọ́n, mo sì mọ̀ pé ẹ ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n bébà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó ṣí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ gba oríkì, ìjálá tàbí ìtàn ìlú lẹ́nu àgbà, tí ó ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni òun kó o sí, ẹ má ṣe gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè ẹ̀dà tí a lè fi ọwọ́ mú, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ gbé e sí yàrá ìkàwé ẹ̀ka wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀gì ńkọ́? N kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tún ilé wọn kọ́. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dán an wò kí wọ́n tó kó ẹrù wa. "Mọ́lété" tó. Bí ó bá kọjá láìfarapa, kí wọ́n máa kó lọ.

Ní tèmi, mo ti ń tún ti Ìyá Àgbà ṣe láti ìgbà náà. Ojú ewé mẹ́tàlélógún ni. Èyí tí ó pọ̀ jù rọrùn: "?m?" kò lè jẹ́ ohun mìíràn ju ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú oríkì bàbá tí ó bí ọkọ wọn tí ó ti dá mi dúró: "Bàbá tí kò sá fún ?j??." Ṣé ọjọ́ ni Ìyá Àgbà wí, àbí ẹjọ́? Mo lọ sí Bẹyẹrúnkà lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé méjì tí ó kù. Èkíní ní ọjọ́ ni, nítorí ọjọ́ ogun ni bàbá náà kò sá fún. Èkejì rẹ́rìn-ín, ó ní irọ́ ni, ẹjọ́ ni, ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọ́n rò fún ọdún mẹ́ta. Mo ti tẹ ojú ewé náà sórí bébà báyìí. Mo fi àlàfo sílẹ̀ ní ibẹ̀.